Ìdí Tí Ojú Fi Máa Ń Ṣú Nínú Fọ́tò Ọdún: Àlàyé HDR fún Ẹni Tó Ń Kọ́ Fọ́tò Yíyà

Ní gbogbo ọdún Iléyá, kí àwọn èèyàn tó ti yídì dé ilé, fọ́tò á ti kún orí WhatsApp. Ẹ wo wọn dáadáa. Agbádá funfun bàbá ń tàn débi pé a kò rí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe sí ọrùn rẹ̀ mọ́. Ojú bàbá fúnra rẹ̀, lábẹ́ láwàní, ti ṣú dùdù. Ojú ọ̀run tí gbogbo wa rí ní àwọ̀ búlúù láàárọ̀ ọjọ́ náà ti di funfun bíi bébà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló fi irú fọ́tò báyìí kọ́ ara ògiri, fọ́tò bàbá àgbà tó ti jáde láyé, tó jẹ́ pé láwàní nìkan ni àwọn ọmọ-ọmọ fi ń dá a mọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ fọ́tò máa ń rò pé kámẹ́rà olówó ńlá ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Kámẹ́rà olówó ńlá náà ń ṣe é. Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ ló fà á, ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà borí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní HDR. Lẹ́tà mẹ́ta yìí dúró fún High Dynamic Range, ìyẹn ni pé kí fọ́tò kan lè gba ibi tó mọ́lẹ̀ jù àti ibi tó ṣókùnkùn jù mọ́ra láì pàdánù èyíkéyìí. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn. Ní ti bóyá ó tọ́ láti ya àwòrán ohun abẹ̀mí, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí, mi ò ní wọ ibẹ̀ lónìí.

Ojú wa àti ojú kámẹ́rà

Ẹ dúró sí àárín yàrá lọ́sàn-án, kí ẹ kọjú sí fèrèsé. Ẹ ó rí igi tó wà níta, ẹ ó sì rí àpótí tó wà ní kọ̀rọ̀. Ohun tí a kì í fura sí ni pé ojú kì í rí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá wo ìta, ọmọlójú yín á sún kì. Bí ẹ bá wo kọ̀rọ̀, á là sí i. Ọpọlọ ló ń so gbogbo ohun tí ojú kó wá pọ̀, tó fi dà bí ẹni pé ìwò kan ṣoṣo ni. Kámẹ́rà kò ní irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ṣẹ́jú, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló sì fi ń wo gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Ibn al-Haytham, tí wọ́n bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tó sì gbé ní Káírò títí ó fi kú ní nǹkan bí ọdún 1040, ti kíyè sí ohun tó sún mọ́ èyí nínú ìwé rẹ̀, Kitāb al-Manāẓir. Ó ṣàlàyé pé àwọn ìràwọ̀ tí a ń rí lóru kì í hàn lọ́sàn-án nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ti kún inú afẹ́fẹ́ tó wà láàárín àwa àti wọn. Ìmọ́lẹ̀ ńlá máa ń bo ti kékeré mọ́lẹ̀. Òun náà ló là á yéni pé ìmọ́lẹ̀ láti ara nǹkan ló ń wọ ojú wa, tó sì fi yàrá ṣíṣókùnkùn tó ní ihò kékeré dán an wò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn. Àwọn kan nínú wa tó kàwé kéú máa ń sọ pé láti inú èdè Lárúbáwá ni ọ̀rọ̀ náà kámẹ́rà ti wá, pé qumra ni. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí yàrá ni. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ṣe tóbi tó láìjẹ́ pé a fi èyí kún un.

Àwọn onífọ́tò ń fi ohun tí wọ́n ń pè ní stop ka ìmọ́lẹ̀, stop kan sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Bí ibì kan bá fi stop kan mọ́lẹ̀ ju ibòmíràn lọ, ìlọ́po méjì ni. Stop méjì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, mẹ́ta jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ. Tó bá fi máa di stop 10, ó ti di ìlọ́po 1,024. Kámẹ́rà tó dáa lóde òní lè gba nǹkan bíi stop 12 sí 14 lẹ́ẹ̀kan náà. Inú mọ́sálásí tí oòrùn ọ̀sán ń gba fèrèsé wọlé lè ju ìyẹn lọ. Ti fóònù tún kéré sí i, nítorí pé ibi tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju èékánná lọ.

Ohun kejì wà tó ń da kámẹ́rà láàmú ní yídì. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ kó ṣe ìpinnu fúnra rẹ̀, ó máa ń gbà pé gbogbo ohun tó wà níwájú òun kò funfun, kò sì dúdú, pé bí eérú ni ó rí. Ó wá rí ẹgbẹ̀rún agbádá funfun nínú oòrùn. Á ní ìmọ́lẹ̀ yìí mà ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Funfun lè tipa bẹ́ẹ̀ yọ díẹ̀, àmọ́ ojú àwọn tó wọ aṣọ náà á lọ sínú òkùnkùn.

Yíya ju ẹ̀ẹ̀kan lọ

Èrò tó wà nídìí HDR kò le rárá: bí ẹ̀ẹ̀kan kò bá tó, ẹ yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọ̀kan á ṣókùnkùn kó lè gba ojú ọ̀run àti ìta fèrèsé, ọ̀kan á wà láàárín, ọ̀kan á mọ́lẹ̀ kó lè gba inú kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ibi tó dáa nínú ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ so wọ́n pọ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1856, Gustave Le Gray, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ń ya òkun. Bó bá ya omi kó hàn, ojú ọ̀run á jóná. Ó wá ń lo gíláàsì kan fún omi, òmíràn fún ojú ọ̀run, ó sì ń tẹ méjèèjì sórí bébà kan. Ní àwọn ọdún 1990, Steve Mann, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, fi kọ̀ǹpútà ṣe irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, Paul Debevec àti Jitendra Malik ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley sì gbé ìlànà ìṣirò rẹ̀ jáde ní 1997. Ó dé inú Photoshop ní 2005, inú iPhone ní 2010. Google gbé tirẹ̀ wá ní 2013, tiwọn sì yàtọ̀ díẹ̀: fóònù náà máa ń ya ọ̀pọ̀ fọ́tò tó ṣókùnkùn léraléra ní kíá, kí funfun má baà jóná, á wá kó wọn lé ara wọn kí ibi tó ṣókùnkùn lè mọ́ kedere. Ìdí rèé tí fóònù fi máa ń sọ fún yín pé kí ẹ má mira nígbà mìíràn. Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí ẹ gbọ́ “kẹ́”.

Ẹ jẹ́ ká lo inú mọ́sálásí àtijọ́ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, irú Mọ́sálásí Shitta-Bey ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ṣí ní 1894, tí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn Àgùdà sì hàn lára rẹ̀. Ibi tí kò mira, tó ní fèrèsé, tó sì ní kọ̀rọ̀, ni HDR bá mu jù. Ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìmáàmù tàbí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, kí ẹ sì lọ ní àkókò tí kò sí ìrun. Mo ti rí ẹni tó gbé irin kámẹ́rà síwájú sáàfù nígbà tí wọ́n ń pe ìkómọ̀, ìwà àìlójútì gbáà nìyẹn.

Ẹ gbé kámẹ́rà sórí sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ yí bọ́tìnnì orí rẹ̀ sí A tàbí Av, kí ihò lẹ́ǹsì lè dúró lójú kan, kó jẹ́ pé àkókò tí ìmọ́lẹ̀ fi ń wọlé nìkan ni yóò máa yí padà. f/8 dáa. Ẹ fi ISO sí 100. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ AEB sí nínú ètò kámẹ́rà yín, BKT ni Nikon ń kọ, kí ẹ sì yan fọ́tò mẹ́ta: -2, 0 àti +2. Bí èyí àárín bá lo 1/15 ìṣẹ́jú àáyá, èyí tó ṣókùnkùn á lo 1/60, èyí tó mọ́lẹ̀ á sì lo 1/4. Ẹ lo tàímà ìṣẹ́jú àáyá méjì, nítorí pé ìka tó tẹ bọ́tìnnì gan-an tó láti mi kámẹ́rà. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ̀ wọ́n wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Nínú èyí tó ṣókùnkùn, ṣé ẹ rí ohun tó wà lẹ́yìn fèrèsé? Nínú èyí tó mọ́lẹ̀, ṣé ẹ rí Kùránì tó wà lórí pẹpẹ ní ẹ̀gbẹ́ mìḥrábù? Bí fèrèsé bá ṣì funfun báláú nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ ya ẹ̀kẹrin tó tún ṣókùnkùn sí i.

RAW ni kí ẹ fi yà á, bí kámẹ́rà yín bá ní i. RAW ni ohun tí kámẹ́rà gbà gan-an kó tó fọwọ́ kàn án. JPEG ni èyí tó ti sè tán, tó sì ti da omi rẹ̀ nù. Nínú JPEG, ìpele 256 péré ló wà láti dúdú dé funfun fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. RAW oní-14 bit ní 16,384. Bí ẹ bá ń gbé òkùnkùn sókè nígbà àtúnṣe, ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ ìyàtọ̀.

Láti so wọ́n pọ̀, Lightroom ti ní i láti 2015: ẹ yan fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ tẹ Photo Merge, lẹ́yìn náà HDR. Photomatix náà wà fún títà. Ẹni tí kò lówó lè lo Luminance HDR lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sì má jẹ́ kí Snapseed tàn yín. Ohun tí wọ́n pè ní HDR Scape nínú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ tí wọ́n ń kùn lé fọ́tò kan ṣoṣo lórí. Kò lè dá ojú ọ̀run tí kámẹ́rà kò rí padà.

Níbi tí èèyàn bá wà

Kò sí ẹni tó máa dúró gbagidi fún fọ́tò mẹ́ta. Bí ẹ bá fi AEB ya àwọn tó ń kírun, ẹnì kan á wà lórí ìdúró nínú èyí àkọ́kọ́, á ti wà ní rúkúù nínú ìkejì. Kọ̀ǹpútà á so wọ́n pọ̀, alhájì á wá ní orí méjì. Irinṣẹ́ kan wà nínú Lightroom tó ń jẹ́ Deghost, tó ń gbìyànjú láti yọ irú òjìji bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Nítorí náà, ní yídì, níbi yìgì, níbi wòlímọ̀, fọ́tò kan ṣoṣo ni kí ẹ yà, ní RAW, kí ẹ sì ya gbogbo rẹ̀ nítorí funfun. Èyí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù tí mo fẹ́ kí olùbẹ̀rẹ̀ mú lọ. Funfun tó ti jóná kò ní nǹkan kan nínú mọ́, kò sí áàpù tó lè gbà á padà. Òkùnkùn ṣì ní nǹkan nínú. Ẹ lè gbé e sókè nígbà àtúnṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i bí ẹ bá gbé e jù. Lórí fóònù, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà, ẹ ó rí àwòrán oòrùn kékeré, kí ẹ fà á sílẹ̀ títí iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ara aṣọ yóò fi hàn. Ẹ jẹ́ kí HDR fóònù wà lórí Auto. Kí ẹ sì nu lẹ́ǹsì! Ìdajì fọ́tò tó dà bí ẹni pé kùrukùrù bò ó, òróró ìka ló wà lójú lẹ́ǹsì.

Kí ẹ tó ronú kan HDR rárá, ẹ gbé bàbá kúrò nínú oòrùn. Nígbà tí wọ́n bá fi máa parí kùtúbà, oòrùn ti gòkè, òjìji iwájú orí ti ń bọ́ sínú ojú. Abẹ́ igi wà, ẹ̀yìn mọ́sálásí wà. Ẹ jẹ́ kí bàbá wà nínú ibòji, kó kọjú síbi tó mọ́lẹ̀, kí ẹyọ oòrùn kan má sì bà á lára. Bí kò bá sí ibòji, ọmọ kan lè gbé káàdíbọ́ọ̀dù funfun sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sókè sí ojú. Ohun tí ìṣẹ́jú méjì yìí bá ṣe, wákàtí méjì nídìí kọ̀ǹpútà kò lè ṣe é.

Àtúnṣe, àti ibi tó yẹ kó dúró

Nídìí àtúnṣe ni olùbẹ̀rẹ̀ ti máa ń sọnù. Ó rí i pé òun lè fa Shadows sókè, ó fà á dópin. Ó fa Highlights wálẹ̀ dópin. Ó fi Clarity sí i, ó fi Saturation sí i. Ọ̀run di búlúù bí aró, iyẹ̀pẹ̀ di pupa, ìlà funfun kan yí ilé ìpèrun ká bí ẹni pé wọ́n gé e lẹ̀ mọ́ ojú ọ̀run. Ojú ìyá àgbà wá rí bíi pákó tí wọn kò fá. Àwọn onífọ́tò káàkiri ayé ṣe irú èyí gidigidi ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún sẹ́yìn, òun ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa yínmú sí orúkọ náà HDR títí dòní.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ kọ́kọ́ fa Highlights wálẹ̀ títí aṣọ funfun yóò fi ní ìṣẹ́po. Ẹ fa Shadows sókè títí ẹ ó fi rí ẹyinjú, kí ẹ dúró níbẹ̀. Kí ẹ wá fa Blacks wálẹ̀ díẹ̀, kí nǹkan kan nínú fọ́tò náà ṣì dúdú dáadáa. Òjìji kì í ṣe ọ̀tá. Bí kò bá sí òjìji lójú èèyàn, imú rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ. Clarity, ẹ má fi kan ojú obìnrin àti ojú àgbàlagbà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jù sílẹ̀, ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wá wò ó. Bó bá ṣe bí ẹni pé ó ń pariwo mọ́ yín, ẹ dá ìdajì ohun tí ẹ ṣe padà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wà níbẹ̀ tí mi ò lè fò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ̀rúndún tó kọjá, káàdì tí àwọn ilé ìfọfọ́tò fi ń wò ó bóyá àwọ̀ tọ̀nà jẹ́ àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun. Shirley ni wọ́n ń pe káàdì náà, Kodak ló sì pèsè rẹ̀. Ojú aláwọ̀ funfun ni wọ́n fi díwọ̀n ohun gbogbo, kò sì yani lẹ́nu pé ojú tiwa máa ń sọnù nínú fọ́tò ìgbà yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ ti ń tún un ṣe. Ní 2021, Google gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6, kí kámẹ́rà lè ya aláwọ̀ dúdú bó ṣe rí. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé nígbà tí ẹ̀rọ ti ń kọ́ bí yóò ṣe ya dúdú wa ní dúdú, àwọn onífọ́tò tiwa ló ń bó ìyàwó lójú yìgì, tí ọmọ tó dúdú dán máa fi pupa rúsúrúsú nínú álíbọ́ọ̀mù. Kí a gbé ojú kúrò nínú òkùnkùn yàtọ̀ sí kí a pààrọ̀ àwọ̀ tí Ọlọ́run fún un. Bí ẹ bá fa Shadows sókè tán, ẹ gbé fọ́tò náà sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ẹni náà, ìyẹn bó bá wà nítòsí. Bí àwọ̀ méjèèjì kò bá jọra, ẹ ti kọjá àyè yín.

Fún àwọn tó ń ya fọ́tò fún ìròyìn bíi tiwa, ìlà tí mo fà rèé: a lè tún ìmọ́lẹ̀ ṣe, a kò gbọdọ̀ yí ohun tó ṣẹlẹ̀ padà. A kì í pààrọ̀ ojú ọ̀run. A kì í so fọ́tò ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn mọ́ ti ìsinsìnyí kí èrò lè pọ̀ sí i. Bí a bá fi fọ́tò mẹ́ta ṣe ọ̀kan, a máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ẹ mọ̀ pé bébà kì í tàn bíi fóònù. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù yín kù sí ìdajì kí ẹ tó pinnu pé ó ti mọ́lẹ̀ tó. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi Document, nítorí pé bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán, wọ́n á fún un pọ̀, gbogbo ohun tí ẹ ṣe sínú òjìji á sì di àbàwọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ọwọ́ kí ọdún tó dé, ẹ lo fèrèsé pálọ̀ yín. Ẹ yà á láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́, mẹ́ta-mẹ́ta nígbà kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan nínú ilé jókòó ti fèrèsé náà. Ti ọ̀sán ló máa ṣòro jù.